Tí náírà bá já, èmi ni mo ń lówó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Owó oṣù mi ní Manchester ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti 2022, iṣẹ́ kan náà ni, owó ilé ń gòkè, owó iná ń gòkè, tẹ́ ẹ bá rí mi níbí ẹ máa mọ̀ pé mò ń tiraka ni. Àmọ́ tí mo bá ti fowó ránṣẹ́ sílé báyìí, olówó ni mí. Mi ò ṣe nǹkan kan tó yàtọ̀ o, náírà ló já. Kí June 2023 tó wọlé, dọ́là kan ò tó 470 náírà ní báǹkì, nígbà tó máa fi di February 2024 ó ti lé ní 1,500, ẹ wá wo ibi tí pọ́n-ùn máa wà. Nǹkan tó sọ àwọn èèyàn wa di ẹni tó ń ra gààrí ní agolo dípò kọ́ńgò, òun náà ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń dìde fún nílùú. Mo fẹ́ràn ilé, mo sì ń bẹ̀rù ilé, ojú tún ń tì mí láti lọ sílé, gbogbo ẹ̀ nínú ọkàn kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn, fún ẹ̀yin tá a jọ wà lókè òkun, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń rò ó tá a kì í sọ ọ́ jáde.

Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí. Ẹni tó bá dàgbà ní Èkìtì nígbà tiwa ti rí òṣèlú kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ òṣèlú. Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí Obasanjo kéde ìjọba pàjáwìrì lé wa lórí ní October 2006, tó gbé ajagunfẹ̀yìntì Tunji Olurin wá pé kó wá máa darí ìpínlẹ̀. Ìdìbò gómìnà 2007 dé, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù ní kí wọ́n lọ tún un dì ní àwọn wọ́ọ̀dù kan, ìyẹn ni ìdìbò àtúndì April 2009 tí ẹni tó wà nílé nígbà náà ò ní gbàgbé láé. Mama Ayoka Adebayo tó jẹ́ ọ̀gá àwọn elétò ìdìbò ní ìpínlẹ̀ wa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín kan, wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn àwọn ò gbà á, gbogbo ìlú dákẹ́ lọ gbári, nígbà tó yá wọ́n padà wá kéde pé Segun Oni ló wọlé. Bàbá mi jókòó ti rédíò lọ́jọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, oúnjẹ tutù síwájú wọn. Ó di 15 October 2010 kí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Ilorin tó sọ pé Fayemi, tí òun àti Oni jọ du ipò gómìnà, ló ni ìbò náà látìbẹ̀rẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti dì í. Bàbá mi ṣì wà láyé gbọ́ ọ, inú wọn dùn, àmọ́ mo rí i pé ìdùnnú náà ti rẹ̀ wọ́n kó tó dé.

Ní 2014 gómìnà tó wà lórí àga fìdí rẹmi ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, kò mú ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ‘stomach infrastructure’, ìyẹn kí olóṣèlú máa pín oúnjẹ fún olùdìbò, ló gbòde nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di July 2018, ‘dìbò kóo sebẹ̀’, ìyẹn kí wọ́n fi owó ra ìbò, ló kù lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo kó ẹrù mi. Mi ò sá fún òṣèlú nìkan o, iṣẹ́ ni mò ń wá bíi gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró, ọdún wọ̀nyí ni mo máa ń rántí.

Màmá mi, tí wọ́n ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀, tí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí àwọn bá fojú kàn mí, àwọn náà ló pè mí ní ìparí January 2024 tí wọ́n ní, “Ọmọ mi, má tíì wá o.”

Ẹ ó rántí ọjọ́ yẹn. Monday 29 January ni. Wọ́n yìnbọn pa ọba méjì, Onimojo ti Imojo àti Elesun ti Esun, ní ojú ọ̀nà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé tiwa yìí, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìpàdé, ọba kẹta tí wọ́n jọ ń bọ̀ ló rí ibi sá gbà. Lọ́jọ́ kan náà ní Emure wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé ìwé dúró, wọ́n kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti tíṣà wọn wọ igbó lọ pẹ̀lú dírẹ́bà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi tú àwọn ọmọ sílẹ̀, dírẹ́bà ò bá wọn bọ̀, wọ́n ti pa á.

Èmi jókòó sí ibi tí mo ti ń jẹun ní ibi iṣẹ́, mò ń kà á lórí fóònù, mi ò lè gbé oúnjẹ sẹ́nu mọ́. Ọba ni wọ́n pa o. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé tí ọba bá ń kọjá kí ọmọdé bọ́ bàtà, kó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀, àwọn kan wá dúró sójú títì fi ìbọn dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Tí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn fún adé, ta wá ni èmi tí mò ń ti òkèèrè gbé àpótí bọ̀? Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Easter nígbà yẹn, mo yí i padà, wọ́n gba owó gidi lọ́wọ́ mi. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ìyá ń bẹ ọmọ pé kó má wá kí òun. Èèyàn lè sá fún ìlú tó le, kó sì máa sọ fún ara ẹ̀ pé ọjọ́ tó bá wu òun òun á padà, àmọ́ tí ilé fúnra ẹ̀ bá ní dúró síbẹ̀, ó yàtọ̀. Màmá ní àwọn á máa rí mi nínú fóònù. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú débi pé iwájú orí wọn nìkan ni mò ń rí.

December 2024 ni mo tó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Lagos, ìlú ń jó. Àwa tí wọ́n ń pè ní IJGB, ‘I Just Got Back’, àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, la kún gbogbo ibẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ ká lọ sí ibi eré kan, ó dárúkọ owó tábìlì, mo ṣe ìṣirò ẹ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì Màmá, mo ní ó rẹ̀ mí. Ní 18 December, ní Baṣọ̀run n'Ìbàdàn, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé wá sí ayẹyẹ kan, èrò pọ̀ jù, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Okija àti l'Abuja, níbi tí àwọn èèyàn ti ń du ìrẹsì Kérésì. Mo dùbúlẹ̀ sí yàrá kan n'Ikeja, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mò ń gbọ́ ìlù àti orin láti ilé kejì. Mi ò bínú sí ẹni tó lọ jó o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kó yé wa. Èèyàn tó fi gbogbo ọdún ṣiṣẹ́ nínú òtútù, tó sì wá na owó ẹ̀ nílùú ẹ̀, kò jí owó ẹnikẹ́ni. Èmi ni mi ò lè jó. Ó ń ṣe mí bíi pé owó tó wà lápò mi àti ìrẹsì tí àwọn ọmọ yẹn lọ wá, ibì kan náà ni wọ́n ti wá.

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́tò ni mo máa ń wọ̀ lọ sílé. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, tó bá di Ìwàràjà ká yà, ká máa gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, atẹ́gùn tútù á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti ojú fèrèsé, ara mi á sọ fún mi pé a ti dé Èkìtì kí n tó rí páálí kankan lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn ju ìlú tó ń gbé èèyàn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo ẹbí ló fohùn ṣọ̀kan pé mi ò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Bàálù ni mo wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n mi rán mọ́tò wá pàdé mi, mọ́tò àtijọ́ tí ìlẹ̀kùn kan ò ṣí láti inú, òun ló dìídì mú un pé kí ó má bàa jọ ti olówó. Wọ́n ní kí n wọ bùbá lásán, kí n má gbé fóònù sókè, kí n má pe ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà láti sọ ibi tí mo dé, kí n má sì gbé fọ́tò kankan sórí WhatsApp títí màá fi padà sí Manchester. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti kúrò n'Ákùúrẹ́ kí oòrùn lè bá wa délé.

Nígbà tí mo rí òkè Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́ tó dúró síbẹ̀ bó ṣe wà, mo sunkún díẹ̀, dírẹ́bà ṣe bíi pé òun ò rí mi. A kọjá l'Ádó, a ò dúró rárá, a gba Ìfàkì, a gba Ọyẹ́. Lẹ́yìn Ọyẹ́ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn dá wa dúró, ẹ rántí pé 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá a sílẹ̀, nígbà tí mo fi wà nílé mi ò tíì rí wọn rí. Ọmọdékùnrin kan ni, kò tó ọmọ ọdún 25 lójú mi, ìbọn ìbílẹ̀ wà léjìká ẹ̀, ó wo inú mọ́tò, ó wo ọwọ́ mi, ó wo bàtà mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ sílé sà. Ẹ má dúró lọ́nà o.” Gbogbo bùbá tí mo wọ̀, ó ṣì mọ̀. Mo fẹ́ fún un lówó, ó ní rárá, kí n máa lọ, kí ilẹ̀ má lọ ṣú. Mo rántí ojú ọmọ yẹn títí di òní. Òun ló dúró sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ní kí èmi má gbà.

Ìdùnnú tó wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn ẹ máa mọ̀ ọ́n fúnra yín, mi ò ní máa sọ ọ́ gùn, Màmá kí mi ní oríkì láti ẹnu géètì dé pálọ̀, wọ́n gún iyán, adìẹ méjì lọ síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ni ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo tètè jí, mo bá Màmá ní ẹ̀yìnkùlé lórí àpótí ìdáná, wọn ò mọ̀ pé mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n yọ háńkáṣífù kan, káàdì oògùn wà nínú ẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún hóró kan jáde, wọ́n gbé e lé orí ọmọrí agolo Milo, wọ́n fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì tẹ̀ ẹ́ láàárín díẹ̀díẹ̀ títí ó fi là sí méjì. Èyí tó rún nínú ẹ̀, wọ́n fi itọ́ tọ́ ìka, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n lá a. Ìlàjì kan wọ ẹnu wọn pẹ̀lú omi, ìlàjì kejì wọ́n fi bébà wé e, wọ́n dá a padà sínú háńkáṣífù, wọ́n dì í.

Mo ní Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo ti jí ni, ṣé mo sùn dáadáa. Mo tún bi wọ́n. Wọ́n ní ìdajì ti tó àwọn. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣé dókítà ni? Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n ní ó ti gbówó lórí, pé ohun tí àwọn ń fi rà á tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì ẹ̀ mọ́, pé láti ọdún tó kọjá ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣooṣù ni mò ń fowó ránṣẹ́ o. Mi ò jẹ́ kó yẹ̀ rí. Mo wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún mi ibi tó ń lọ. Wọn ò na kọ́bọ̀ kan dànù. Ọmọ obìnrin tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn, bàbá ẹ̀ kú, wọ́n ń san owó ilé ìwé ẹ̀. Wọ́n ń ra iṣu fún ìyá àgbà kan tí àwọn ọmọ ẹ̀ wà ní Lagos tí wọn ò gbúròó wọn mọ́. Wọ́n dá owó fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, “Ṣé kí n máa gbé odidi oògùn mì kí ọmọ ọlọ́mọ máa jókòó sílé?” Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi kí n fi kún un. Wọ́n ní, “Ìwọ náà ń ṣiṣẹ́ òru.”

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Manchester, ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Èmi ni mo ń pín oògùn fún ìyá onìyá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwé wà tí mo máa ń fọwọ́ sí, hóró wo, aago mélòó, ta ló rí i. Tí hóró kan bá já bọ́ sílẹ̀ mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó já bọ́, kí wọ́n mú òmíràn. Mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá mi n'Íkọ̀lé, mò ń wo ọmọrí agolo Milo yẹn, ìyẹ̀fun funfun ṣì kù díẹ̀ lójú ẹ̀, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá bínú.

Wọ́n ní owó tí àwa tá a wà níta ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà ń lọ sí bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti máa fi ìyẹn yangàn bíi pé àwọn ló ṣiṣẹ́ ẹ̀. Èmi ti rí ibi tó ń wọlé sí. Ó ń wọlé sí ibi tó yẹ kí ìjọba ti wà, owó ilé ìwé ọmọ òrukàn, iṣu arúgbó, owó iṣẹ́ abẹ, àwọn tí kò lọ́mọ lókè òkun wá ń gbára lé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé èèyàn tó bá ń fowó ránṣẹ́ ti ṣe ipa tiẹ̀, ó tán. Owó náà ń dí ojú ihò ni, ẹni tó gbẹ́ ihò náà sì ń bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ s'Ádó lọ́jọ́ kejì, mo ra oògùn tó máa tó oṣù mélòó kan, mo wá bá ọ̀gá kẹ́mísìtì kan n'Íkọ̀lé sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń fi owó oògùn sí tààrà báyìí, ó ń gbé e lọ fún Màmá, ó sì ń fi fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́ sí mi tó bá ti tán. Owó tó kù, ti Màmá ni, mi ò bi wọ́n léèrè mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ń lo oògùn nílé, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń lò ó, ẹ wá ẹni tó máa ka hóró ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ilé máa ń jókòó síta lórí pẹpẹ, iná kì í sábà sí, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́. Ọmọ àǹtí mi kan wà níbẹ̀, ó gboyè ní yunifásítì l'Ádó, ọ̀kadà ló ń gùn báyìí, epo tí kò tó 200 náírà kí Tinubu tó kéde ní 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti tán, ti ń lọ sí 1,000 náírà lítà kan nígbà yẹn. Ó ní, “Brọ̀dá, ẹ sọ òótọ́ fún mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà ní ipò mi, ṣé ẹ máa dúró?” Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wojú mi. Mo ní rárá. Mi ò lè pa irọ́ fún un. Ó ní ẹ ṣé, pé àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń sọ fún àwọn pé kí àwọn dúró tún ìlú ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ wọ bàálù.

Mo wá sọ èyí tó kù fún un. Pé láti March 2024, ẹni tó bá fi iṣẹ́ ìtọ́jú wọ ìlú Òyìnbó ò lè mú ìyàwó àti ọmọ dání mọ́. Pé àwọn èèyàn wa kan ti ta ilẹ̀ bàbá wọn fún ejẹ́ǹtì, wọ́n dé ọ̀hún tán kò sí iṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ò sí níbi kankan. Mo ní kó má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé mo bá a wò ó. Ní July 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn pa pátápátá fún ẹni tó ń ti ìta bọ̀ tuntun, ó pè mí lọ́jọ́ tó gbọ́, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí mo lè ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ ìbò ló kàn lórí pẹpẹ. Ó ní ní June 2022, wọ́n fún òun lówó, òun gbà á, òun sì dìbò fún ẹni tó wu òun. Bàbá kan tó jókòó ti wa, àgbẹ̀ ni, wọ́n ní owó ìbò yẹn nìkan ni nǹkan tí olóṣèlú tíì fi kan ọwọ́ àwọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, pé kí ni mo fẹ́ kí àwọn fi ṣe, kí àwọn dá a padà? Mi ò fara mọ́ ìbò títà, mi ò sì ní fara mọ́ ọn láéláé, bàbá mi tó jókòó ti rédíò ní 2009 ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò lè jókòó sórí pẹpẹ yẹn pẹ̀lú pọ́n-ùn lápò kí n máa wàásù fún bàbá àgbẹ̀. Èmi gan-an ò ní ìbò. Ní March 2022 ni àwọn aṣòfin l'Abuja da àbá pé kí àwa tá a wà níta lè dìbò nù. Wọ́n fẹ́ dọ́là wa, wọn ò fẹ́ ìka wa. Èyí ń bí mi nínú púpọ̀, ó sì yẹ kó bí gbogbo wa nínú, ká máa pariwo ẹ̀ ju bá a ṣe ń pariwo ta ló ṣe ọjọ́ ìbí tó dùn jù lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí sí iwájú, wọ́n ní kí n jókòó sí àárín àwọn ọlọ́lá. Àwọn tó kọ́ mi ní ABD jókòó sẹ́yìn. Mo bẹ alága pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó ti Màmá, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí mo máa padà, Màmá ò sunkún lójú mi. Wọ́n di èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí fún mi, wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n ní kí n má dúró lọ́nà. Nígbà tí bàálù gbéra ní Lagos, ọkàn mi fúyẹ́, mo mọ̀ ọ́n lára, èjìká mi sọ̀ kalẹ̀. Mo sì tún mọ̀ pé àwọn tí mo fi sílẹ̀ ò ní ibi tí èjìká tiwọn ti máa sọ̀. Ìmọ̀lára méjèèjì yẹn ò lé ara wọn jáde, wọ́n jọ wà níbẹ̀ títí mo fi dé Manchester, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn mú ọ̀kan, àbí o fẹ́ràn Nàìjíríà tàbí o ti pa á tì. Irọ́ ni. Màmá mi ò mú ọ̀kan, wọ́n ń pè mí wá, wọ́n sì ń bẹ̀ mí pé kí n má wá, ìfẹ́ kan náà ló ń sọ méjèèjì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sílé láìpẹ́, ohun tí mo rí ni mo máa sọ fún yín. Ẹ gbọ́ ti àwọn tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀nà tó dáa láti gbà, ẹ má fi ìrántí yín rìn. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tẹ́ ẹ ń bọ̀ wà lẹ́nu èèyàn díẹ̀. Ẹ ṣẹ́ owó kékeré dání, èèyàn tó máa kí yín á pọ̀, kò sì yẹ kẹ́ ẹ máa sá fún wọn. Ẹ jókòó síta nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ju kẹ́ ẹ sọ ọ́ lọ. Tí ìyá yín bá sì ní ẹ má tíì wá, ẹ má jiyàn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rí.

Wọ́n fi ìdìbò gómìnà tiwa sí 20 June 2026. Màmá ní àwọn máa lọ dì í, orúnkún ń dun wọ́n, àmọ́ káàdì ìdìbò wọn wà nínú Bíbélì. Mo fẹ́ lọ sílé lẹ́yìn ẹ̀, mo sì fẹ́ kó àwọn ọmọ dání lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò tíì fojú kan ìyá bàbá wọn rí àfi nínú fóònù. Ìyàwó mi ò gbà. Ó ní òun náà fẹ́ kí wọ́n mọ ìyá bàbá wọn, pé òun ò lè gbé ọmọ tó ń bẹ̀rù ajá gba ọ̀nà tí wọ́n ti ń jí ọmọ ilé ìwé gbé. Mo ní Àkúrẹ́ la máa gbà. Ó ní ṣé láti Àkúrẹ́ bàálù ló ń gbé èèyàn dé Ìkọ̀lé? A ti sọ ọ́ títí, a ò tíì parí ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́n sí i.